Àrá Kò Mọ Ará: Ìmọ́lẹ̀ Tí Ń Ṣe Ni Léṣe, Lórí Tábìlì Eré àti Nínú Ọfọ̀

Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Àwọn tó ń ṣe é a jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan a máa pa ìtàn, àwọn yòókù a sì gbé ìwà àwọn ẹ̀dá inú ìtàn náà wọ̀: ọ̀kan di jagunjagun, ọ̀kan di àlùfáà, ọ̀kan di oṣó. Ẹnu ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò, ẹnu náà ni wọ́n fi ń jagun, dáìsì ló sì ń sọ bóyá ohun tí ẹnu sọ yóò ṣẹ tàbí kò ní ṣẹ.

Nínú eré yìí, oṣó lè na ọwọ́ kí ìmọ́lẹ̀ jáde, kí ìmọ́lẹ̀ náà sì ṣe ọ̀tá léṣe. Báwo ni a ó ṣe pe irú agbára bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá? Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni "idán ìmọ́lẹ̀". Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Lójú tèmi, àrá mẹ́ta ni a ní: àrá orí tábìlì eré, àrá inú ọfọ̀ àti ìtàn wa, àti àrá tí ń sán lójú ọ̀run Ìlọrin nígbà òjò. Òfin tó ń darí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ òfin kọ̀ọ̀kan yóò jẹ èrè èdè àti èrè àṣà. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ra lè ba èdè jẹ́, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì. Ìwé òfin eré náà tó jáde ní 2014 ṣàlàyé agbára kan tó ń jẹ́ Lightning Bolt. Ipele kẹta ló wà nínú ipele 9. Nígbà tí oṣó bá lò ó, ìlà mọ̀nàmọ́ná kan a yọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tó tó 30 mítà, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 5 ẹsẹ̀ bàtà. Gbogbo ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà ìlà yìí, ìbáà ṣe ọ̀tá, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, yóò da dáìsì olójú 20 láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá tó láti yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń lo agbára náà yóò da dáìsì 8, olójú 6, irú èyí tí a fi ń ta lúdò. Èyí tó kéré jù tí ó lè rí ni 8, èyí tó pọ̀ jù ni 48, àárín rẹ̀ sì jẹ́ 28. Ẹni tí kò bá lè yẹ̀ ẹ́ yóò gba gbogbo rẹ̀ sára. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ yóò gba ìlàjì. Ohun tó lè gbiná, tí ẹnikẹ́ni kò sì wọ̀ tàbí gbé dání, yóò gbiná.

Àwọn mìíràn tún wà. Guiding Bolt jẹ́ ti àwọn àlùfáà inú eré, ipele kìíní ló sì wà. Dáìsì 4 ni a ń dà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe àrá ni wọ́n kà á sí, ìmọ́lẹ̀ ọ̀run ni. Bí ó bá ba ẹni tí a jù ú sí, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ a ṣẹ́ kù tí yóò máa tàn lára rẹ̀, kí ó lè rọrùn fún ẹni tó bá tún fẹ́ kọ lù ú. Sunbeam wà ní ipele kẹfà. Ó ń jáde ní ìlà tó gùn tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, ó ń fọ́ ni lójú fún ìgbà díẹ̀, ó sì máa ń nira fún òkú tó ń rìn láti yẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tó ṣe eré náà fi ìyàtọ̀ sáàárín àrá àti ìtànṣán. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro fún Yorùbá rárá, nítorí pé a ti ní i tẹ́lẹ̀. Mọ̀nàmọ́ná, tí àwọn mìíràn ń pè ní mànàmáná, ni èyí tí ojú ń rí tó ń kọ. Àrá ni èyí tí etí ń gbọ́ tó ń sán, òun náà sì ni a ń sọ pé ó pa igi tàbí ènìyàn. Ìtànṣán ni ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti ara oòrùn tàbí àtùpà. Ẹdùn àrá ni òkúta tí a gbà pé àrá sọ̀ kalẹ̀. Ta ló wá fi irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílé tó ń fi "idán ìmọ́lẹ̀" pe gbogbo wọn?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tún wo ohun tí àmì ohùn ń ṣe níbí. Ara ni ẹran ara tí ń gba ìpalára. Ará ni ẹbí tàbí aládùúgbò. Àrà ni ohun ìyanu tí ènìyàn ń dá. Àrá sì ni èyí tí ń sán. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé láìsí àmì, oṣó lè fi ará pa ará, òǹkàwé kò sì ní mọ ẹni tí wọ́n ń sìnkú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fún ọ̀rọ̀ yìí ní àkọlé tí mo fún un. Lórí tábìlì eré, àrá kò mọ ará: ọ̀rẹ́ tó bá dúró lójú ọ̀nà yóò gbà á sára bí ọ̀tá.

Nísinsìnyí, ohun tó kọ́kọ́ jọ mí lójú nínú eré náà ni bí ó ṣe sún mọ́ tiwa. Ìwé òfin sọ pé ohun mẹ́ta ni oṣó lè nílò: ọ̀rọ̀ ẹnu, ìṣe ọwọ́, àti èròjà. Fún Lightning Bolt, èròjà náà jẹ́ irun ẹran díẹ̀ àti ọ̀pá kékeré tí a fi dígí, kírísítálì tàbí ámbà ṣe. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn wọ̀nyí? Bí a bá fi irun ẹran ra ámbà tàbí dígí dáadáa, iná mànàmáná kékeré a kó jọ sí i lára, a sì lè fi fa ègé ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ra. Láti inú orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ámbà ni orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe iná mànàmáná ti jáde. Àwọn tó kọ òfin náà fi èròjà pa àṣamọ̀ díẹ̀: ohun tí ọwọ́ mú dání ní ìbátan pẹ̀lú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọfọ̀ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì sọ pé, "A ti mọ èyí o." Ọ̀pọ̀ èròjà inú oògùn wa ni a yàn nítorí pé orúkọ wọn dún bí iṣẹ́ tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe. Pierre Verger tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé ilẹ̀ Yorùbá jáde ní 1995, ó sì fi hàn bí ọ̀rọ̀ ìṣe inú ọfọ̀ ṣe máa ń bá orúkọ ewé dọ́gba ní ìró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí náà ti ṣàlàyé ọfọ̀ gẹ́gẹ́ bí ewì tó ní ètò, nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì alohùn Yorùbá tó jáde ní 1984. Ọfọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí kò nítumọ̀. Ó máa ń pe orúkọ ohun kan, a sọ òtítọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ nípa ìwà ohun náà, lẹ́yìn náà a wá so ohun tí ó ń fẹ́ mọ́ òtítọ́ yẹn, bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà ju pé kí ó ṣẹ lọ.

Níbí ni ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ wà. Nínú eré Òyìnbó, òfin sọ pé kí oṣó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò bìkítà nípa ohun tí ó sọ. Ẹni tó ń ṣeré lè wí pé, "Mo lo Lightning Bolt," kí ó sì da dáìsì, ó ti parí. Nínú ọfọ̀, ọ̀rọ̀ gan-an ni iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì, iṣẹ́ ti ṣì. Bí ó bá ti bọ́ lẹ́nu, ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí "idán" kò fi tọ̀nà. Idán ni ti onídán tó ń tan ojú jẹ, ti eégún apidán tó ń di ọ̀nì tàbí erè lójú agbo. Ọfọ̀ ni ti ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ. Àyájọ́ ni èyí tó gbára lé ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ògèdè le ju ọfọ̀ lásán lọ. Èpè ni a fi ń bú ẹni tó ṣẹ̀ wá. Àṣẹ ni agbára tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣẹ. Èdè tó ní gbogbo èyí kò yẹ kó tọrọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Kí ẹ lè rí ohun tí mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n ṣe ọfọ̀ kékeré kan fún orí tábìlì, tó jẹ́ pé eré ni mo fi ṣe, kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu babaláwo kankan:

Mọ̀nàmọ́ná, ìwọ lo mọ ọ̀nà;
Ẹni tó mọ ọ̀nà kì í ṣì yà sílé onílé.
Ilé ẹni tó jí ẹṣin ọba ni kí o yà.

Ìlà kìíní pe orúkọ. Ìlà kejì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀. Ìlà kẹta so ẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn. N kò sọ pé láti inú "mọ ọ̀nà" ni mọ̀nàmọ́ná ti wá o. Ìró ni mo fi ń ṣeré, bí àwọn apọfọ̀ ṣe máa ń ṣe. Ẹ wá wò ó pé ọfọ̀ yìí ti sọ ẹni tí àrá yóò bá jà àti ohun tí ẹni náà ṣe. Àrá orí tábìlì kò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì nìyẹn. Ohun tó ń gba ni lọ́wọ́ Lightning Bolt ni kí ara yá. Olè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá yóò bọ́ nínú ìlàjì rẹ̀, olóòótọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo yóò gba gbogbo rẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ti Ṣàngó, Jàkúta, ẹni tí ń fi òkúta jà. Wọ́n gbà pé olè, òpùrọ́ àti ẹni tó ń ṣe ibi níkọ̀kọ̀ ni ó ń wá kiri. Ìmọ́lẹ̀ tiwọn jẹ́ adájọ́. Kì í ṣe eré sísá ni ń gba ni lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò ṣe ọwọ́ mímọ́.

Ìyàtọ̀ kẹta ni owó tí a ń san. Nínú eré, bí oṣó bá lo agbára rẹ̀, àyè kan a dín kù nínú iye tí ó lè lò lójúmọ́. Bí ó bá sùn tó sì sinmi fún wákàtí 8, gbogbo rẹ̀ a tún padà. Ìtàn tiwa kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní 1897, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ó sọ níbẹ̀ pé Ṣàngó, nígbà tó wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé, ní oògùn kan tó lè fi fa àrá. Ní ọjọ́ kan, ó gun òkè tí wọ́n ń pè ní Òkè Àjàká, tí ààfin wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn náà ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí ó rò pé ọ̀rinrin ti lè bà á jẹ́. Ààfin ara rẹ̀ ló sì fi dán an wò. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ìjì ti dé, àrá ti sán lu ààfin, iná ti mú ilé. Púpọ̀ nínú àwọn olorì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló kú. Ọba náà kọ ìtẹ́ sílẹ̀, ó dorí kọ ilẹ̀ Tápà, lọ́dọ̀ Ẹlẹ́mpẹ̀, bàbá ìyá rẹ̀. Kò dé ibẹ̀. Johnson ní ó pokùnso lójú ọ̀nà; àwọn olùsìn rẹ̀ títí di òní ní ọba kò so.

Àwa tí a wà ní Ìlọrin kò jìnnà sí ibi tí ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà ní apá àríwá wa, ó sì sún mọ́ Ìlọrin ju bí ó ṣe sún mọ́ Ọ̀yọ́ tòní lọ. A tilẹ̀ ní àdúgbò tó ń jẹ́ Ṣàngó láàárín ìlú wa níhìn-ín. Ohun tí ìtàn náà kọ́ mi ni pé ẹni tó ju àrá gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkè. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kò sí dáìsì tó lè sọ èyí fún ọmọdé bí ìtàn náà ṣe sọ ọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tèmi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe irú eré báyìí ní èdè Yorùbá, tàbí tó fẹ́ kọ ìtàn àròsọ, ni pé kí ẹ má kàn kó òfin Òyìnbó wá kí ẹ sì fi orúkọ Yorùbá bò ó. Ẹ mú òfin inú àṣà wá sórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ju àrá pọfọ̀ rẹ̀ lẹ́nu, ìlà mẹ́ta péré, kí àwọn tó kù sì dájọ́ bóyá ó bá ètò mu. Bí ó bá bá a mu, ẹ fún un ní dáìsì kan sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí àrá ń bá jà ka nǹkan. Ẹ jẹ́ kí èèwọ̀ wà, kí àrá lè padà sílé ẹni tó rán an. D. O. Fágúnwà ti fi ọ̀nà hàn wá ní 1938 nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, níbi tí ọfọ̀ àti oògùn ti jẹ́ ara èdè ìtàn, tí wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Dúró Ládiípọ̀ náà gbé Ọba Kò So sórí ìtàgé ní 1963, ayé sì rí i pé èdè Yorùbá lè gbé iná dúró láìjẹ́ pé ó yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ní ìlú yìí yóò takò mí. Ìlú àlùfáà ni Ìlọrin, wọ́n sì lè ní mo ń fi ọ̀nà àtẹ̀yìnwá tan ọmọ ẹlẹ́sìn. Ìdáhùn mi ni pé kíkọ́ bí a ṣe to ewì kì í ṣe bíbọ òrìṣà. Àrá náà kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí: súrà kẹtàlá nínú Àlùkùráánì ń jẹ́ Ar-Ra'd, àrá ni ìtumọ̀ rẹ̀, ohun tí ó sì sọ ni pé àrá ń fi ìyìn fún Ọlọ́run. Láti apá kejì, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè ní ohun mímọ́ kì í ṣe ohun eré. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí a ṣe ọfọ̀ tuntun tiwa fún tábìlì, kí a fi èyí tí àwọn àgbà ń lò sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti le jù lọ nìyí. Bí a bá ti dìde lórí tábìlì, tí a sì ti pa ìwé ìtàn dé, kí a fi àrá adájọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ń sán lójú ọ̀run kò dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àrá pa màlúù 36 ní Ìjàrẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lórí òkè tí àwọn ará ìlú kà sí ibi mímọ́. Kíá ni ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ pé àwọn irúnmọlẹ̀ ló bínú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, àrá ti pa reindeer 323 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Hardangervidda, ní ilẹ̀ Norway. Kí ni àwọn ẹran wọ̀nyẹn jí? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí àrá bá kan ilẹ̀, agbára rẹ̀ a tàn kálẹ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jìnnà sí ti ẹ̀yìn a gba agbára náà wọlé láti ẹsẹ̀ kan, a sì gba àyà kọjá bọ́ sí èkejì. Àwọn ẹran sì máa ń fún mọ́ra nígbà ìjì. Orí òkè gíga tún ni àrá máa ń tètè bá. Àrá ojú ọ̀run náà kò mọ ará, kò sì mọ olè.

Ẹdùn àrá pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn fi hàn pé púpọ̀ nínú òkúta dídán wọ̀nyí jẹ́ àáké tí àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ lọ̀, kí irin tó dé. Òjò líle a fọ erùpẹ̀ kúrò lórí wọn, ẹni tó bá rí wọn lẹ́yìn ìjì a sì gbà pé àrá ló jù wọ́n sílẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù náà gba irú rẹ̀ gbọ́ rí. Ìtàn tí a ń sọ nípa orúkọ ìlú wa ni pé lára òkúta ìlọ-irin, níbi tí àwọn ọdẹ ti ń pọ́n irin wọn, ni Ìlọrin ti wá. Ó yẹ kí àwa ọmọ ìlọ-irin lè bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ tó lọ ẹdùn àrá.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí? Nítorí pé èrò pé àrá ń dájọ́ ní owó tí ẹlòmíràn ń san. Láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Johnson ti kọ ọ́, ilé tí àrá bá jà sí di ti àwọn oníṣàngó láti kó, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé àwọn ará ilé lórí. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tún wá di ọ̀daràn. Ẹni tí àrá bá sì pa, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí àwọn Mọ́gbà yóò fi dé. Ìkó ilé ti tán, ṣùgbọ́n ẹ̀rù fífọwọ́ kan ẹni náà kò tíì tán pátápátá, ẹ̀rù yìí sì ni ó ń pani. Iná àrá kì í dúró sára ẹni tó bá kàn. Kò sí ewu nínú fífọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àrá bá kàn kì í kú, nǹkan bí 9 nínú 10 ló ń yè. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró lè tún mí bí ẹnì kan bá tètè kúnlẹ̀ tì í, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, nígbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí a bá dúró pé kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jí, ó ti kú.

Ẹ tún fi èyí kún un. Ooru àrá a máa tó nǹkan bí 30,000 lórí ìwọ̀n Celsius, nígbà tí ojú oòrùn fúnra rẹ̀ kò ju bí 5,500 lọ. Bí mọ̀nàmọ́ná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ àrá: ìṣẹ́jú àáyá 3 dúró fún kìlómítà kan. Bí ẹ bá ti lè gbọ́ ọ, ó ti sún mọ́ tó láti pani. Ẹ má sá sábẹ́ igi tàbí abẹ́ agboòrùn ọjà, ẹ wọ inú ilé gidi tàbí inú ọkọ̀ tó ní òrùlé irin, kí ẹ sì dúró níbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Ní Ìlọrin, níbi tí ìjì ti máa ń le nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá ń parí, ó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ fi èyí kọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè Yorùbá, mi ò ní kí a gbàgbé Ṣàngó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a fi í sí ibi tí ó ti tóbi jù lọ: nínú ìtàn, nínú ewì, lórí ìtàgé, àti bí ẹ bá fẹ́, lórí tábìlì eré. Níbẹ̀, kí àrá máa bi ni pé kí ni o ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan aládùúgbò wa nínú oko tàbí lójú pópó, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ta ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Àrá kò mọ ará. Àwa ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ire o.